Àwo Tí A Jẹ Mọ́ Oúnjẹ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù tíṣà tí kì í dé ìparí oṣù. Ọ̀rọ̀ fúláwà ni, àti ọ̀rọ̀ ẹnu èmi fúnra mi tí kò ní ìlẹ̀kùn. Díẹ̀ ni ó kù kí ó da àárín èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi rú.

Ìwó Road ni mò ń gbé, ní ẹ̀hìn gáréèjì, níbi tí ariwo àwọn agbèrò kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn kọjá aago márùn-ún ìdájí. Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn yóò mọ̀ pé oríta ńlá ni ibẹ̀: ẹni tí ó ń lọ sí Ìwó, ẹni tí ó ń lọ sí Ifẹ̀, ẹni tí ó ń ti Èkó bọ̀, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Ibi tí èrò bá pọ̀ sí, oúnjẹ kò ní ṣàìpọ̀ níbẹ̀. Ibi tí oúnjẹ bá sì pọ̀ sí, ẹ wá wo ìdọ̀tí. Ìrẹsì gbígbóná nínú tékàwéè fóòmù, ẹ̀wà nínú tékàwéè fóòmù, àmàlà nínú ọ̀rá. Èrò ọkọ̀ a jẹun tán, a ju àwo náà gba ojú fèrèsé, dírẹ́bà a ṣí ọkọ̀, ó di Ìkirè. Àwo náà kì í bá wọn lọ sí Ìkirè. Inú gọ́tà ni ó ń wọ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń kọ́ni kò jìnnà sí gọ́tà wọ̀nyí. Kíláàsì karùn-ún ni mo mú ní ọdún tí mo ń wí yìí, ọmọ 64 sì ni ó wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà, òjò kan rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo dé ní òwúrọ̀, omi ti ya wọ kíláàsì mi, rẹ́jísítà mi sì ń léfòó lórí rẹ̀ bí òkú ẹja. A wọ́n omi náà jáde, èmi àti àwọn ọmọ sì jọ kó ohun tí ó dí gọ́tà iwájú ilé-ẹ̀kọ́. Mo ní kí wọ́n máa kà á bí a ti ń kó o, nítorí tíṣà ni mí, n kò lè rí nǹkan kí n má sọ ọ́ di ìṣirò. A ka tékàwéè 113 kí ó tó sú wa. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan ti fa ọ̀kan yọ, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀, ó ní, “Sà, tèmi nìyí.” Mo ní, “Tìrẹ báwo?” Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi. Orúkọ rẹ̀ ni ó fi bírò kọ síbẹ̀ ní ọjọ́ àpèjẹ Kérésìmesì wa, kí ẹlòmíràn má baà gbé oúnjẹ rẹ̀. Láti oṣù kejìlá títí di oṣù kẹfà, orúkọ náà kò parẹ́, àwo náà kò sì jẹrà.

Ẹ má ṣe rò pé mò ń fi kékeré ṣe ńlá. Ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì gbé ènìyàn lọ. A kò tíì bí mi nígbà náà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí bàbá mi dákẹ́ lójijì, ẹ dárúkọ ọdún yẹn. Ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ṣe ojú mi. Ẹ̀mí tí ó bá a lọ lé ní 100. Òjò ni ó rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi àti ìdọ̀tí tí a dà sí ojú odò ràn án lọ́wọ́.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, a ṣe ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́. Hẹdimísírẹ́ẹ̀sì wa mẹ́nu ba àpèjẹ ìparí ọdún ẹ̀kọ́, ó sì ń sọ iye tékàwéè tí a ó rà. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀ ni mo ti nàró. Mo ní, “Mà, kíláàsì tèmi kò ní fi fóòmù jẹun ní ọdún yìí. Àwo tí àwọn ọmọ yóò jẹ mọ́ oúnjẹ ni n ó ṣe fún wọn.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àlájà kan wà láàárín wọn, ọmọ rẹ̀ méjì ń bẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, tékàwéè àti ọ̀rá ni ó sì ń tà ní páálí páálí. Ó dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní, “Tíṣà, ẹ kú làákàyè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: owó ìwé àti owó aṣọ tí mo ń san lórí àwọn ọmọ yìí, ibo ni ẹ rò pé mo ti ń rí i? Ṣé nínú gọ́tà ni?” Ẹ̀rín dá. N kò rí èsì fún un ní ọjọ́ náà. Kí n má purọ́, n kò tíì rí i tán títí di òní.

Ibo ni mo ti rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò náà ni mo rí ọmọ kan lẹ́bàá títì tí ó ń lá áísìkiriimù. Ó lá a tán, ó sì rún kóònù tí wọ́n bù ú sí mọ́ ọn. Kò ku nǹkankan ní ọwọ́ rẹ̀ tí ó lè sọ sí gọ́tà. Mo dé ilé, mo bẹ̀rẹ̀ sí kàwé. Mo rí i pé ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1903 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún Italo Marchiony, ọmọ Ítálì kan tí ó ń ta áísìkiriimù ní New York, ní ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí a fi ń yan kọ́ọ̀bù kékeré onílétí láti inú fúláwà. Ìtàn sọ pé kọ́ọ̀bù gíláàsì ni ó ń lò tẹ́lẹ̀. Àwọn kan a fọ́ ọ, àwọn kan a gbé e lọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1904, níbi ìpàtẹ ọjà àgbáyé ní St. Louis, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbajúmọ̀ dé ibi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń du ògo rẹ̀, títí kan Ernest Hamwi, ọmọ Síríà. Mo tún kà pé àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ a máa gé búrẹ́dì tí ó ti le, wọn a gbé ẹran àti ọbẹ̀ lé e, òun ni àwo wọn. Àwọn ará Etiópíà ń ṣe èyí tí ó jọ ọ́ títí di òní: injera tí wọ́n tẹ́ ni wọ́n ń bu ọbẹ̀ lé, wọn a máa ya á, wọn a máa fi í kó ọbẹ̀ jẹ.

Àwa náà kò sì gọ̀. Ẹ̀kọ ni ìyá àgbà mi ń tà. Ewé eéran ni ó fi ń pọ́n ọn, bí a bá sì jẹ ẹ̀kọ tán, ewúrẹ́ a jẹ ewé. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá jẹ ẹ̀kọ, kí ó darí ji ewé. Ta ni yóò darí ji fóòmù? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun fi òfin dè é. Ṣùgbọ́n ibi tí mo fi ẹnu ara mi lérí sí kì í ṣe Èkó, kì í sì í ṣe ewé ni mo ṣèlérí. Àwo jíjẹ ni mo wí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi, ṣín-ín-ṣíìnì àti míìtì-páì ni ó ń tà fún àwọn èrò ọkọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ ni. Ó fi owó náà ra àpò fúláwà kan, bọ́tà àti ẹyin, nítorí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ ṣín-ín-ṣíìnì ìgbéyàwó kan. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní ara mi kò yá. Bí ó ti yí kọ́nà báyìí, ara mi yá.

Ìlànà tí mo rí lórí fóònù kò le lójú mi: kí a da páànù kéèkì oníhò méjìlá dojú dé, kí a fi fúláwà bisikíìtì tí a ti pò bo ẹ̀yìn ihò kọ̀ọ̀kan bí fìlà, kí a yan án, kí a jẹ́ kí ó tutù, kí a ṣí i kúrò: ó di abọ́. Mo po fúláwà, mo da ṣúgà sí i dáadáa kí ó lè dùn, mo da bọ́tà sí i kí ó lè dán, mo tún fi páúdà tí ń mú kéèkì wú sí i, nítorí mo rò pé bí ó bá ti wú tó ni yóò ti dára tó. Mo gbé e sí ọ́fùn, mo sì jókòó ti nọ́ọ̀tì ẹ̀kọ́ mi. Nígbà tí òórùn mú mi dìde, gbogbo fìlà náà ti ṣí kúrò lórí, wọ́n ti ṣàn sílẹ̀ bí àbẹ́là, páànù wà ní ìhòòhò, ìyókù sì ń jóná ní ìsàlẹ̀ ọ́fùn. Ẹni tí ó ní ọgbọ́n ì bá dáwọ́ dúró. Èmi tún òmíràn pò. Kí ṣọ́ọ̀ṣì tó jáde, mo ti ba fúláwà kóńgò mẹ́rin, bọ́tà mẹ́wàá, àti kéréètì ẹyin kan jẹ́.

Ìyá Ìbejì wọlé. Ó ṣí gèlè. Ó wo ọ́fùn, ó wo àpò, ó wò mí. Kò sọ ohunkóhun. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbéyàwó mọ̀ pé ariwo sàn ju èyí lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ó fi ń gbé oúnjẹ fún mi ní àkókò, tí ó ń kúnlẹ̀ kí mi ní àárọ̀ bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n “ẹ káàárọ̀” náà tutù ju omi àmù lọ. Ẹnu àwọn ọmọ ni mo ti gbọ́ pé ó ti lọ yá fúláwà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kí iṣẹ́ ìgbéyàwó náà má baà já a kulẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, mo dọ̀bálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó mi nínú yàrá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n dìde, ó ní ẹnìkan lè wọlé. Lẹ́yìn náà ó wí pé, “Bàbá Ìbejì, kì í ṣe fúláwà ni ó dùn mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń po fúláwà nínú ilé yìí. Ẹ fẹ́ fi fúláwà ṣe nǹkan, ẹ bi fóònù, ẹ bi ìwé, ẹ kò bi mí.”

Mo gbójú sókè, mo rí ìwé ẹ̀rí NCE mi lára ògiri níbi tí mo fi férémù kọ́ ọ sí. Ó wá wò mí bí ohun tí kò wúlò fún nǹkankan ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo fa ìjókòó mọ́ ọn, mo mú bírò. Mo ní, “Ó dáa, màmá. Mò ń bi yín nísinsìnyí.”

Ohun tí ó kọ́ mi nìyí, mo sì ń kọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán an wò. Ó ní bọ́tà a máa yọ́ kí fúláwà tó le, ṣúgà náà a sì máa di omi nínú iná. Bí àwọn méjèèjì bá pọ̀ jù, kò sí ohun tí yóò di fúláwà mú lára páànù. Páúdà tí mo dà sí i, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wú. Ta ni ó ń fẹ́ kí abọ́ wú? Ó ní kí fúláwà jẹ́ agolo mílíìkì mẹ́fà, kí ṣúgà jẹ́ agolo kan ààbọ̀, kí bọ́tà jẹ́ ìdá mẹ́rin kílò, kí ẹyin jẹ́ méjì, kí a fi iyọ̀ díẹ̀ àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì sí i. Èyí yóò ṣe nǹkan bí abọ́ 24. Kí a pò ó kí ó le díẹ̀ bí ti ṣín-ín-ṣíìnì, kí a má fi ọwọ́ rún un pẹ́, kí a wé e sí ọ̀rá, kí a sì gbé e sí fíríìjì fún wákàtí kan. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ ra áísì. Kí a tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, kí a fi ẹnu abọ́ gé e roboto, kí a fi bọ́tà pa ẹ̀yìn páànù, kí a bò ó, kí a sì fi fọ́ọ̀kì gún un káàkiri kí atẹ́gùn lè jáde. Nínú ihò méjìlá, mẹ́fà péré ni kí a bò, kí èkíní má baà lẹ̀ mọ́ èkejì. Ìṣẹ́jú 12 sí 15 ti tó nínú ọ́fùn tí iná rẹ̀ mọ níwọ̀n. Bí a bá gbé e jáde, kí a má ṣe fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí ó bá gbóná ni ó rọ̀, bí ó bá tutù ni ó ń le.

Ohun kan tí n kò rò tẹ́lẹ̀ rí: ó ní nínú agolo fúláwà mẹ́fà yẹn, kí a fi ìyẹ̀fun pákí dí méjì. Kì í ṣe láfún o, láfún ti kan. Pákí tí a bó, tí a rin, tí a fún omi rẹ̀ gbẹ, tí a sá kíákíá kí ó tó kan, tí a wá lọ̀ kúnná ni mo ń wí. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA tí ó wà ní Ìbàdàn níbí láti ọdún 1967 ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí rẹ̀, nígbà ìjọba Ọbásanjọ́ láàárín ọdún 1999 sí 2007 sì ni ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn tí ń lọ fúláwà máa fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ àlìkámà. Àlìkámà ní ohun kan nínú tí ó máa ń mú un fà bí rọ́bà. Búrẹ́dì kò lè ṣe kí ó má ní in, ṣùgbọ́n bisikíìtì kò fẹ́ ẹ. Pákí kò ní in rárá. Ilẹ̀ òkèèrè sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àlìkámà wa ti ń wá, nígbà tí pákí ń hù lẹ́yìn ilé. Gbogbo èyí ni mo ti kọ́ àwọn ọmọ nínú ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn. N kò mọ̀ pé ó kan ọ́fùn ìyàwó mi.

A bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọ̀la Ẹtì sì ni àpèjẹ. Páànù méjì, abọ́ méjìlá lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà. A yan 70, nítorí fúláwà tí ó kù kò tó ti ìgbà kẹfà tán. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti fẹ́ jinná, Ìyá Ìbejì a fi omi ẹyin funfun kun inú rẹ̀, a tún dá a padà fún ìṣẹ́jú méjì, kí omi èso má baà tètè wọ inú rẹ̀. Ó ní ṣokoléètì sàn jù ú lọ. Mo béèrè iye rẹ̀ ní ọjà, mo sì panu mọ́. Ní ìlú tí wọ́n fi owó kòkó kọ́ ilé alájà 26 sí Dùgbẹ̀, tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1965, ọwọ́ tíṣà kò tó ṣokoléètì.

Ní aago márùn-ún àárọ̀, mo yẹ̀ wọ́n wò, ọkàn mi sì já. Àwọn tí a kọ́kọ́ yan ti rọ̀ bí àkàrà àná. Oṣù keje ni, òjò ti kùn mọ́jú, ṣúgà inú wọn sì ti fa ọ̀rinrin. Ìyá Ìbejì kò tilẹ̀ dìde lórí ibùsùn. Ó ní, “Ẹ dá wọn padà sí ọ́fùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ kó wọn sínú ike oníderí bí wọ́n bá ti tutù tán.” Wọ́n gan padà. Mẹ́rin fọ́ lórí kẹ̀kẹ́ Márúwá bí a ti ń kó wọn lọ. Ó ku 66.

Ìrẹsì ńkọ́? Òun náà ni ó dá a. Ó ní ooru ìrẹsì yóò rọ abọ́ náà kí ọmọ tó ka mẹ́wàá, kí n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú àwo wá láti ilé. Àwo tánńganran, àwo ike, abọ́ ìyá wọn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó wá, wọ́n jẹ ìrẹsì tán, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n kó o padà sí àpò. Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rọrùn tó láti ìbẹ̀rẹ̀, tí mo fi ń nà nínú ìpàdé! Lẹ́yìn ìrẹsì ni a wá kó àwọn abọ́ tiwa jáde, a bu ọ̀pẹ òyìnbó àti bàrà olómi tí a gé wẹ́wẹ́ sí i, a fi áísìkiriimù lé e lórí. Àwọn kan kọ́kọ́ jẹ etí abọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú rẹ̀, áísìkiriimù sì ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ wọn. Ọmọbìnrin tí ó rí orúkọ rẹ̀ ní gọ́tà ti fa bírò yọ. Ó yí abọ́ náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, “Sà, kò ṣeé kọ orúkọ sí.” Mo ní kí ó jẹ ẹ́. Ọmọkùnrin kan jẹ ti inú rẹ̀ tán, ó sì wé abọ́ náà sínú ìwé láti mú un lọ fún àbúrò rẹ̀. N kò bá a wí.

Méjì kù. Mo fi ọ̀kan fún hẹdimísírẹ́ẹ̀sì, mo sì gbé èkejì tọ Àlájà lọ níbi tí ó jókòó sí lábẹ́ igi. Ó jẹ ẹ́ tán, ó gbọn ẹ̀rún kúrò lórí aṣọ. Ó ní, “Ó dùn, Tíṣà. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè bu ewédú sí i.” Òótọ́ ni ó sọ. Owó tí a ná sórí abọ́ kan sì tó ra tékàwéè mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Olóúnjẹ ìdí ọkọ̀ kò lè fi irú rẹ̀ ṣòwò. Nígbà tí àpèjẹ parí, mo lọ wo gọ́tà. Kò sí ti kíláàsì karùn-ún níbẹ̀. Ti kíláàsì kẹfà wà níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, àwọn tí ń ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ ti ń wá bẹ Ìyá Ìbejì ní iṣẹ́ abọ́ yìí, mélòó kan lóṣù, ó sì ń gba owó rẹ̀ kí ó tó po fúláwà. Ó ní ìwé kan tí ó ń kọ orúkọ àwọn onígbèsè sí. Mo yọjú wò ó lọ́jọ́ kan, mo rí i níbẹ̀ pé: “Tíṣà: fúláwà kóńgò 4, bọ́tà 10, ẹyin kéréètì 1.” Mo san ti fúláwà ní oṣù kẹjọ, ó fa ìlà sí i. Mo san ti bọ́tà ní oṣù kẹsàn-án, ó fa ìlà sí i. Ó ní ti ẹyin ṣì wà níbẹ̀.